Táyà Mẹ́rin tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Pupa Délé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó o. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ilé yìí láàárọ̀ òní, tí kì í ṣe pé wọ́n gbé mi wọlé nínú pósí. Ẹ̀yin tí ẹ wá wò mí lórí ibùsùn lóṣù tó kọjá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run kí n tó jókòó, nítorí orúnkún mi kò gba ìdúró mọ́.

Pásítọ̀ wa ni ó ní kí n kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ìyá yóò délé bá ìkòkò tó ti jóná. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí ìwé ọmọléèwé lọ́wọ́ mi. Ìwé kẹrin ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sóko, nítorí náà bí mo bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ forí jì mí.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì tún ti dé! Òun tó sọ pé òun wa lọ́rì iṣu láti Òkè-Ọdẹ dé Ìgbàjà lórí táyà mẹ́ta, tó ní gbogbo èrò ni òun kó sí apá kan kí igun tí kò ní táyà lè máa fò lókè. Òun tó ní ejò ká sínú táyà òun fún ọjọ́ méje, tí táyà náà kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì kó o jẹ. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, n kò fi iyọ̀ sí i, n kò fi ata sí i. Bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Ẹ rò pé mo jẹ́ tíṣà rí. Tíṣà kọ́! Fọ́kanáísà ni mí, mo ń lẹ táyà, mo ń fẹ́ táyà, lábẹ́ igi igbá tó wà nítòsí gáréèjì àtijọ́ níbí ní Òmù-Àrán. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin ló kọ́ mi ní ohun kan tí n kò rí lọ́wọ́ fọ́kanáísà mìíràn. Tí ó bá ti wọ táyà sórí ríìmù tán, á mú ṣọ́ọ̀kì funfun, á fa ìlà kan láti ara irin ríìmù dé ara rọ́bà táyà, ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ náà bá rìn lọ tó bọ̀, á wo ìlà náà. Bí ìlà bá ṣì jẹ́ ọ̀kan, ó dáa. Bí ó bá ti pín sí méjì, tí ti irin wà níbí tí ti rọ́bà wà lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé táyà ń yọ́ yí lórí ríìmù rẹ̀. Túùbù inú rẹ̀ yóò máa bá a yí, ṣùgbọ́n imú túùbù tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ti wà nínú ihò irin, kò lè lọ. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, imú náà yóò já. Afẹ́fẹ́ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá wà lórí eré, ẹ mọ ìyókù.

Ọ̀gá mi kò fi ẹnu lásán kọ́ mi. Ó mú mi lọ wo lọ́rì kan ní ọ̀nà Òkè-Ọdẹ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Wọ́n ti tẹ́ àwọn èèyàn náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi ewé tẹ́ẹ̀kì bò wọ́n lójú nítorí aṣọ kò tó. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì di igbá ògìrì mú. Ọ̀gá mi mú mi lọ síbi táyà ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ mi sí ibi tí imú túùbù ti já. Ó ní, “Ṣé o ti rí i?” Mo ní mo ti rí i. Ó ní, “Má gbàgbé.”

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí Kwara wa ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ tuntun, tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyá Délé, ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Délé ọmọ rẹ̀ ti di ẹnjiníà, ó wá sílé láti ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, ó sì mú Fúnmi ìyàwó rẹ̀ tuntun wá, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje.

Ọkọ̀ tó gbé wá! Kúkúrú, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ológbò tó ń dọdẹ. Sipọ́ọ̀tì-káà ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́ níná, àwọn ewúrẹ́ ní ọjà Òmù-Àrán á fò kúrò lọ́nà kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀ nílẹ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ìkókó. Kò sì ní túùbù nínú rárá.

Èmi rò pé àléébù ni. Táyà tí kò ní túùbù, lójú tèmi, dà bí èèyàn tí kò ní ìfun.

Délé gbé ọkọ̀ náà lọ sí Òkè-Ọdẹ láti lọ kí tíṣà rẹ̀ àtijọ́. Nínú òjò! Òkúta ọ̀nà yẹn gé táyà méjì jálẹ̀, àwọn méjì tó kù wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀. Lọ́rì ló wọ́ ọ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́rú. Ó fẹ́ padà sí Èkó ní ọjọ́ ajé, lẹ́yìn ìsìn ìrántí.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ni mo máa lọ yan táyà ní Ìlọrin.

Ìgbà yẹn ni Fúnmi mú ìwé kékeré kan jáde láti inú ọkọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó kàwé, ó kúnlẹ̀ dáadáa kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Ìwé ọkọ̀ ní táyà tó bá ní lẹ́tà báyìí lára ni kí a wá. Lẹ́tà náà ló ń sọ eré tí táyà lè fara dà. Ó tún ní a kò gbọdọ̀ fi túùbù sí i.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyàwó wa, ẹni tó kọ ìwé yìí, ṣé ó ti gba ọ̀nà Òkè-Ọdẹ rí?”

Ó ní, “Rárá, sà.”

“Ṣé ó mọ ẹrẹ̀ wa?”

“Kò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ó dáa, dá ìwé padà sínú ọkọ̀, kí ẹrẹ̀ wa má baà bà á jẹ́.”

Gbogbo àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Délé pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Fúnmi, àbúrò ìyá mi nìyẹn o. Kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ ni wọ́n ti ń wọ táyà.” Fúnmi ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó sì dá ìwé padà. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. Alfa kan tó ń ta táyà lẹ́bàá ọjà gbé oríṣi méjì kalẹ̀ níwájú mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oríṣi kìíní ni èyí tí ìwé Fúnmi sọ. Mẹ́rin péré ló kù, tuntun, lẹ́tà yẹn gan-an wà lára rẹ̀. Ìwé kẹrin tí mo kà tó mi láti dá lẹ́tà kan mọ̀. Oríṣi kejì nípọn, ó le, ojú rẹ̀ jin bíi poro ebè. Mo fi ìka kàn án bí a ti ń kan iṣu wò, ó dún kìn-ìn kìn-ìn. Mo tẹ èkíní, ó rọ̀. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ohun tó bá rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Alfa ní, “Bàbá, irú mọ́tò wo ni?”

Mo ṣàlàyé.

Ó ní, “Haba, Bàbá! Mọ́tò eré nìyẹn. Èyí tí ẹ ń kàn bí iṣu yìí, píkọ́ọ̀pù tó ń kó àgbàdo ló wà fún. Wallahi, ẹ má fi sí i. Kò ní di ilẹ̀ mú.”

Mo bá rántí Fúnmi àti ìwé rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá gbé táyà rírọ̀ yìí délé, àwọn awakọ̀ á ní ìyàwó ọmọ mi mọ táyà jù mí lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, ará. Kì í ṣe èṣù. Mo ní kí Alfa di èyí tó le fún mi, àti túùbù mẹ́rin. Nígbà tí mo délé, tí Délé bi mí bóyá mo rí èyí tó ní lẹ́tà, mo ní, “Kò sí i ní gbogbo Ìlọrin.”

Èyí ni irọ́ kìíní. Mo ń kà wọ́n fún yín bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn.

Ọjọ́ àbámẹ́ta ni mo wọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé omi ọṣẹ la fi ń pa etí táyà kó lè gun ríìmù. Omi ọṣẹ á gbẹ, rọ́bà á di irin mú. Ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ pupa, ọmọ Èkó, ìyàwó tó lóyún! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, ìyá ìjọ wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í gun ọkọ̀ tuntun níbí láìjẹ́ pé a fi òróró àdúrà yà á sí mímọ́. Àwọn tó kù á ta òróró náà sí orí ọkọ̀, tàbí kí wọ́n fi pa sítíárì. Èmi ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo da omi ọṣẹ nù lójú gbogbo wọn. Mo ní, “Ọṣẹ wà fún lọ́rì àwọn kèfèrí. Òróró ni táyà yìí máa mu!” Mo gbé ìgò òróró àdúrà, mo fi pa etí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pa ríìmù, mo pa túùbù. N kò ṣẹ́ ẹ kù. Ìyá ìjọ gbé orin, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì ń jó bí mo ti ń lu táyà wọlé. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Ó yẹ kí wíwọlé wẹ́rẹ́ yẹn ti dẹ́rù bà mí.

Mo fa ìlà ṣọ́ọ̀kì mi sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí Délé wà á lọ sí Ẹ̀sìẹ́ kó sì bọ̀.

Wọ́n padà dé ní ọ̀sán. Délé ní, “Bàbá, ó le díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń lọ,” ó sì wọ ilé lọ mu omi. Fúnmi wà nínú ọkọ̀, ó fa àga sẹ́yìn, ó fi ìwé kékeré yẹn bo ojú, mo rò pé ó ti sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Táyà iwájú, ìlà wọn gún. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń lọ. Ti ọ̀tún, ìlà ti kúrò lójú ara wọn ní ìwọ̀n ìka kan. Ti òsì, mo na ọwọ́ mi sáàárín ìlà irin àti ìlà rọ́bà, ọwọ́ mi gba ibẹ̀. Gbogbo ọwọ́ mi. Ní Ẹ̀sìẹ́ péré! Èkó ni wọ́n ń lọ.

Ará, mo rí ewé tẹ́ẹ̀kì. Mo rí obìnrin tó di igbá ògìrì mú. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi bí mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi yìí: má gbàgbé.

N kò gbàgbé. Mo mọ ohun tó yẹ. Kí n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ òróró kúrò, kí n padà sí Ìlọrin lọ bẹ Alfa. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá ìjọ pé òróró àdúrà ló ń yọ táyà? Báwo ni mo ṣe máa sọ fún àwọn awakọ̀ pé ìwé Fúnmi gbọ́n jù mí lọ? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fa àkísà yọ ní àpò, mo nu ìlà náà kúrò. Mo fa òmíràn, tó gún régé.

Ó kéré, àbí? Kò gbà mí ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi, a ṣe ìrántí ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ilé yìí ni, kó tó di pé a fi páànù tuntun sí i. Délé dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìjọ pé bí ìyá òun kò bá sí, òun ní ìyá ọkùnrin. Wọ́n ní kí n jó. Mo jó. Oúnjẹ tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kò mọ adùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ajé, wọ́n wá dágbére. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ṣí ẹnu. Ohun tó jáde ni, “Ẹ rọra máa lọ o.” Fúnmi wo ojú mi pẹ́, ó ní, “A ó rọra, Bàbá.” Délé tẹ iná, wọ́n sì yí kọ́nà, mo dúró títí n kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́.

Nígbà tí n kò gbọ́ ọ mọ́ ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn táyà àtijọ́. N kò ní orin, n kò ní ẹsẹ Bíbélì kankan. Mo ní, “Ọlọ́run, mo ti pa wọ́n. Dá ọkọ̀ yẹn dúró. Jẹ́ kó kú sójú ọ̀nà. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Bí o bá fẹ́ gba èèyàn, èmi nìyí níbí, èmi kò gbé ọmọ sínú.” Mo fi orí gbá ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ẹ wo àpá rẹ̀ níwájú orí mi níbí. Èmi tí mo sọ fún yín pé ìwo àgbò ló ṣe é, irọ́ ni mo pa.

Mo dìde, mo sáré bọ́ sójú títì, mo bẹ awakọ̀ lọ́rì igi kan kó gbé mi. A kọjá Àjàṣẹ́, n kò rí nǹkan. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Omupo, mo rí ohun pupa nínú kòtò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kékeré, ó dùbúlẹ̀ lórí ìhà kan.

Mo bọ́ sílẹ̀ kí lọ́rì tó dúró. Àwọn àgbẹ̀ ti yí i ká. Fúnmi jókòó lórí koríko, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe é. Délé ni ó wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí nígbà tí ọkọ̀ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ilẹ̀kùn sì fún un mọ́ ara kọnkéré afárá. N kò ní sọ bí ẹsẹ̀ náà ti rí. Àwọn ọmọdé wà níbí.

Táyà ẹ̀yìn ti òsì ti bọ́ lórí ríìmù. Àgbẹ̀ kan mú túùbù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó já a. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ ti já, bí ti ọ̀nà Òkè-Ọdẹ gan-an. Mo ká a sábẹ́ bùbá mi, mo ní, “Òkúta ni.” Wọ́n ní òótọ́ ni, òkúta ni. Mo sin túùbù náà sínú oko mi, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní, nídìí igi ọsàn tí kì í so.

Bí wọ́n ti ń gbé Délé lọ sí ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Bàbá, ẹ má sunkún. Táyà yín ló gbà wá. Ká ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ọjọ́sí ni, à bá ti kú.”

Mo sunkún.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú. Ẹ mọ̀ bó ti ń rìn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé rẹ̀ rí nìyẹn. Fúnmi bí Tinú láyọ̀. Ìtàn náà kò sì dúró lójú kan, mo rí sí i. Ní ọdún kìíní tí mo jẹ́rìí níbí, mo ní áńgẹ́lì kan ló gbá ọkọ̀ náà mú. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, àwọn áńgẹ́lì ti di mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn kan gbé ọkọ̀ wọn láti Ìgbàjà wá kí n lè fi òróró pa táyà wọn. Òróró tí mo bá fún wọn, orí bọ́néẹ̀tì ni mo ń pa á sí. Etí táyà, láéláé, omi ọṣẹ ni. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oṣù tó kọjá, nígbà tí ibà gbé mi dùbúlẹ̀. Fúnmi, tó ti di Ìyá Tinú, ìyá àgbà onírun funfun, wá láti Èkó wá wò mí. Ó gbé ògì wá, ó ń fi ṣíbí fún mi mu. Ó bá dúró, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, mo rí yín.”

Mo ní, “Níbo?”

Ó ní, “Nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìwé ló bo ojú mi, kò bo gbogbo rẹ̀. Mo rí i tí ẹ fi ọwọ́ wọn nǹkan lára táyà. Mo rí i tí ẹ wò yíká. Mo rí àkísà.”

Mo rò pé ibẹ̀ ni màá kú sí. Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ?”

Ó ní, “Fún ta ni? Ìyàwó tuntun, tí gbogbo gáréèjì ti fi rẹ́rìn-ín. Kí n ní àbúrò ìyá ọkọ mi ń fi nǹkan pamọ́? N kò tilẹ̀ mọ ohun tí ìlà náà jẹ́. Ojú yín ni mo mọ̀. Nítorí náà bí a ti kúrò ní Òmù-Àrán, mo ní inú ń run mí. Mo ní bí Délé bá sáré, màá bímọ sínú ọkọ̀. Mo ní kó máa lọ bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú. Ó ń bínú, ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó rọra. Ìgbà tí táyà já, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá wa ni.”

Ẹ gbọ́ o! Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọkọ̀ dúró, ó sì ti fi obìnrin kan sínú ọkọ̀ náà tó ń fà á sẹ́yìn kí n tó kúnlẹ̀. Kò sí áńgẹ́lì mẹ́rin. Ọ̀kan ni, ó lóyún oṣù méje, mo sì ti fi ìwé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́, inú ń bí òun ni. Lẹ́yìn náà, ó ń dúró dè mí. Ó ní lọ́dọọdún tí mo bá dìde jẹ́rìí, òun á sọ lọ́kàn pé bóyá tọdún yìí ni. Ó wá gbé ṣíbí, ó ní, “Ẹ mu ògì yín kó má tutù. Ẹ kò tí ì lè kú báyìí.”

Ọjọ́ kejì ni ibà náà sọ̀ kalẹ̀. Dókítà kò mọ ohun tó mú un lọ. Èmi mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà mo fi ògo fún Ọlọ́run tó gba ẹni mẹ́ta lọ́wọ́ mi ní Omupo, tó sì dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi rí agbára kọ èyí. Délé kò mọ̀. Bí mo ti ń kà á yìí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó wà lórí àga kẹta lápá ọ̀tún, nítorí èmi ni mo ránṣẹ́ sí i ní Èkó pé kó wá gbọ́ ẹ̀rí mi. Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ní lẹ́tà wà ní Ìlọrin. Mẹ́rin ni. Mo fi ọwọ́ mi tẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tí ì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo Délé. Bó bá dìde tó fẹ́ jáde, ẹ yà fún un, kí ẹni kẹ́ni má ṣe dì í mú, ẹ sì bá a gbé àga kúrò lọ́nà nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó, bó bá jókòó tí kò dìde, ẹ gbé orin fún mi. Orúnkún mi kò dáa, màá jó.